Bàbá Ń Ka Bàtà

Ọjọ́ 15, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n tún tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ yìí, ní ìrántí àwọn ọmọ ogun. Bàbá àgbà mi kò gba ọjọ́ yìí rí. Ọjọ́ 11 oṣù Bélú ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀; ẹ̀yìn tí ogun Bìáfírà parí ní 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970 ni wọ́n gbé e wá síbí. Àmọ́ ogun Bọ́mà, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni Bàbá lọ ní tirẹ̀. Títí ó fi kú, 11 oṣù Bélú ló máa ń wọ kóòtù, tó ń fi àmì ẹ̀yẹ sáyà, tí yóò sì jókòó ní òun nìkan sí fàráńdà.

Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan, ni wọ́n fi í sí, àwọn tí àmì aláǹtakùn wà léjìká aṣọ wọn. Ní 1944, àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́mà ni wọ́n wà. Mọ́tò kò rí ọ̀nà gbà nínú igbó yẹn, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Bàálù ló ń ju oúnjẹ sí wọn láti òkè. Bí ìkùukùu bá bo ilẹ̀, ebi dé nìyẹn. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ ìbọn. Ọrùn ló máa ń sọ, bó ṣe ń dun èèyàn. Nínú ilé wa, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ ru garawa omi tó kún. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pọnmi, àwọn aládùúgbò sì ń rẹ́rìn-ín ọkùnrin tó ń bá obìnrin tò lẹ́nu kànga. Kò dá wọn lóhùn.

Ti bàtà ni mo fẹ́ kọ gan-an. Lálaalẹ́, kó tó gbé ọ̀pá ìdábùú sí ilẹ̀kùn, á ka bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Orí ọmọ ló kọ́kọ́ ń kà nígbà tí bàbá mi àtàwọn àbúrò rẹ̀ ṣì kéré. Màmá àgbà fárígá.

“Bàbá ọmọ, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!”

“Ta wá ni ọlọ́mọ, tí kì í bá ṣe èmi?”

Ìjà náà le, wọ́n ní ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó forí tì í síbi bàtà. Bàtà kì í ṣe ọmọ. Tó bá kà á tán, á ní, “Ó pé,” á sì ti ilẹ̀kùn.

Àbúrò bàbá mi kan rí ọgbọ́n dá sí i. Á fi sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á gba ojú fèrèsé lọ sóde ijó láìwọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ìṣó gún un. Bó ṣe ń tiro bọ̀, Bàbá ló bá lábẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú àtùpà àti abọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò nà án. Ó fọ ẹsẹ̀ náà, ó dì í, ó ní: “Sójà tó bá fẹ́ sá, bàtà ló kọ́kọ́ ń mú.”

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi í nídìí. Ó ní, “Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Kaladan, wọ́n kà wá, a ò pé. Wọ́n tún wá kà. A ò pé náà ni.” Ó ní kí n lọ sùn.

Ní itẹ́ òkú ogun Taukkyan, lẹ́bàá Yangon ní Bọ́mà, orúkọ àwọn tó tó nǹkan bíi 27,000 ló wà lára òpó, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ sàréè wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Mo wo fọ́tò itẹ́ náà pẹ́ lónìí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Bàbá kú, èrò kún ilé, bàtà sì kún ẹnu ọ̀nà dé àgbàlá. Mo bá Màmá àgbà níbẹ̀ ní ìdúró, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà á. Kò fọwọ́ kan ọ̀pá ìdábùú títí ilẹ̀ fi mọ́.