Ìdí tí bàbà fi ń ṣí lára irin

Ọjọ́bọ

Ọ̀rọ̀ bàbà tí a fi iná mànàmáná bò mọ́ ara bóòtù àti nọ́ọ̀tù irin nínú omi, tó wá ń ṣí, ló gbà mí lọ́kàn lónìí. Iná ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá lẹ́bi, wọ́n á sì tún fi kún un. Iná kọ́ rárá. Iṣẹ́ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó tan iná. Bí irin bá ti kan omi copper sulphate, ìyẹn iyọ̀ bàbà tá a pò mọ́ omi, báyìí, irin á máa yọ́, bàbà inú omi á sì máa lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó yọ́ fúnra rẹ̀. Á pọ́n dáadáa lójú, àmọ́ bí eérú ló rí: ẹ fi àtàǹpàkò nù ún, á bá ọwọ́ wá. Orí rẹ̀ sì ni gbogbo bàbà tí iná bá kó wá máa jókòó lé.

Nickel, irin funfun kan, ló yẹ ká kọ́kọ́ fi iná bò ó, kí omi bàbà má bàa kan irin náà fúnra rẹ̀. Ẹ fi sáńpépà ha irin náà, ẹ rì í sínú omi kọ́sítíìkì gbígbóná, gíráàmù 50 sí lítà kan, kẹ́ ẹ wá ṣàn án. Ẹ wo omi tó kù lára rẹ̀ dáadáa: tó bá tẹ́ bo gbogbo irin, ó ti mọ́; tó bá ń ṣù jọ sójú kan sójú kan, òróró ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà sídìí kọ́sítíìkì. Omi nickel ọ̀hún, nickel chloride (iyọ̀ nickel) gíráàmù 240 àti hydrochloric acid mílílítà 125 nínú lítà kan; ìṣẹ́jú 2 sí 3 ni kí irin lò nínú rẹ̀ pẹ̀lú iná. Nickel gidi ni kẹ́ ẹ so mọ́ pósítíìfù iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so stainless mọ́ ọn láé, torí chromium olóró tó ń fa jẹjẹrẹ ló máa ń tú sómi. Iyọ̀ nickel náà léwu: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má dà á sí gọ́tà.

Lẹ́yìn náà ni bàbà: copper sulphate gíráàmù 200, sulphuric acid tó le mílílítà 30, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà kan. Ásíìdì la máa ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì. Amp (ìwọ̀n iná) 3 ló tó ojú irin tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 100. Bóòtù tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 6, tó nípọn ní 1, kò ju nǹkan bí 20 lọ, amp 0.6 ti tó o. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bàbà á ti nípọn tó nǹkan bíi micron 20 (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mìlímítà kan). Tí etí rẹ̀ bá dúdú, tó ń ha ọwọ́ bíi yanrìn, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó dín iná kù, kẹ́ ẹ sì máa ro omi náà.

Bóòtù bíréèkì ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ hydrogen máa ń wọnú irin líle lásìkò iṣẹ́ yìí, irin náà sì lè kán lójijì.