Mo fi gèlè wé inhaler ọmọ mi

Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ràn Carl Wheezer, ọ̀rẹ́ Jimmy Neutron nínú kàtúùnù tí Nickelodeon gbé jáde láti 2002 sí 2006. Orúkọ Carl ti tú àṣírí rẹ̀: "wheeze" ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe súfèé tó máa ń dún láyà ẹni tí mímí ń ni lára. Carl sanra, awò ojú rẹ̀ tóbi, ó ní ikọ́ fée bíi ti ọmọ mi, àwọn nǹkan tí ara rẹ̀ kọ̀ kò sì lóǹkà. Llama ló fẹ́ràn jù láyé, ẹranko kan tó dà bíi ràkúnmí tí kò ní iké.

"Mọ́mì, Carl kì í fi inhaler tiẹ̀ pamọ́ o," ni ọmọ mi máa ń wí nípa ike oògùn tí wọ́n ń fi ẹnu fà sínú àyà. Èmi á ní kó panu mọ́. Inú ń bí mi sí kàtúùnù yẹn, torí wọ́n ń fi àìsàn pa èèyàn lẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ti ń pè é ní Wheezer.

Lásìkò ọyẹ́ kan, a lọ kí ìyá ọkọ mi ní Òkèlélé. Ẹ ṣáà mọ ọyẹ́ Ìlọrin, eruku ni látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá ti da turari sórí ẹyin iná dè wá, èéfín gba gbogbo pálọ̀. (Turari gidi ni o, mo ṣì fẹ́ràn òórùn rẹ̀.) A ò tíì jókòó pẹ́ tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àyà rẹ̀ ń súfèé, abẹ́ ọrùn rẹ̀ ń jìn wọnú bó ṣe ń mí, ọ̀rọ̀ méjì ò lè tẹ̀ léra lẹ́nu rẹ̀. Inhaler wà nísàlẹ̀ báàgì mi. Mo ti fi gèlè wé e, mo sì ta á ní kókó, kí àwọn ìyàwó ilé má baà sọ pé mo kó àrùn wọlé wọn. Kókó ò tú. Eyín ni mo fi tú u.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wa lálẹ́ ọjọ́ náà bi mí pé: "Màmá, tí iná bá ń jó ilé, ṣé inú àpótí lẹ ó ti lọ wá omi?" Ó ní èyí tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù yẹn máa ń la ọ̀nà èémí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n kì í wo wíwú tó wà nínú rẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń fà lójoojúmọ́, kódà bí ọmọ bá ń sá eré kiri. Tí búlúù bá ti ń ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, kí n padà wá rí dókítà. Torí pé a ò ní spacer, ìyẹn ike tí wọ́n ń fi sáàárín inhaler àti ẹnu, ó fi ike omi 500 ml hàn mí: ó gbẹ́ ihò sí ìdí rẹ̀, ẹnu inhaler wọ ibẹ̀ rẹ́gí, ọmọ sì ń mí látẹnu ike. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ká máa tẹ̀ ẹ́, ká kọ́kọ́ mì ín.

Mo padà lọ bẹ Ìyá, mo ti múra sílẹ̀ fún èébú.

"Ìyàwó mi, ta lo ń fi pamọ́ fún? Bí àyà bàbá ọkọ ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn lọ́yẹ̀ẹ́, títí tó fi kú."

Ọkọ mi ò sọ ọ́ fún mi rí! Ní báyìí, bí Ìyá bá ti gbọ́ pé à ń bọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni àwo turari ń lọ. Inhaler ń bẹ lápò àyà ọmọ.