Kí ẹ tó sunkún lórí nọ́ńbà inú skáànù ọkàn, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ṣírò ó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu láti ìgbà tí àǹtí mi kan tó ń gbé Amẹ́ríkà ti fi èsì skáànù ọkàn wọn méjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ti èṣí ní tí wọ́n bá fún wọn lóògùn tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wọnú ẹran ọkàn wọn máa ń di ìlọ́po 2.4, tọdún yìí ní 1.9. Wọ́n ti lọ kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé tó bá ti wálẹ̀ ju 2 lọ, wàhálà dé, ni wọ́n bá ń pè mí láàjìn, "ọmọ mi, ṣé ọkàn mi ti ń kú ni?" Àǹtí, ẹ farabalẹ̀ ná. Ibi tí wọ́n ti ṣe ti èṣí kọ́ ni wọ́n ti ṣe tọdún yìí, sọ́fítíwià tó ṣírò ó yàtọ̀, ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà náà yàtọ̀. Ọkàn lè ti yí padà lóòótọ́ o, mi ò ní kò lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ ìṣirò náà lè ti yí padà, èyí sì lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí.

Èmi kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ àwòrán ni mò ń ṣe l'Ádó níbí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ni pé ẹ̀rọ PET tí wọ́n fi ṣe ti àǹtí yẹn kì í wọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rárá. Kò sí mítà kankan tí wọ́n tì bọ ọkàn. Wọ́n á gún èèyàn lábẹ́rẹ́ oògùn tó ní ìtànṣán díẹ̀ nínú, ọ̀pọ̀ ibi l'Ámẹ́ríkà rubidium-82 ni wọ́n ń lò, potassium ni ara máa ń pè é, torí náà ẹran ọkàn á máa fà á mọ́ra, àmọ́ nǹkan bíi sẹ́kọ́ǹdì 76 péré ni ìdajì agbára ẹ̀ fi ń lọ, gbogbo ẹ̀ wàràwàrà ni. Kámẹ́rà á máa ya àwòrán léraléra, ti ìbẹ̀rẹ̀ lè má ju sẹ́kọ́ǹdì 5 tàbí 10 lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú àwọn àwòrán yẹn ni kọ̀ǹpútà ti máa fa ìlà méjì yọ, ìkíní ń sọ bí oògùn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ tó wà ní yàrá ọkàn apá òsì, ìkejì ń sọ bó ṣe pọ̀ tó nínú ẹran ọkàn fúnra ẹ̀. Ó máa wá fi ìlà méjèèjì ṣírò, ohun tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní mílílítà ẹ̀jẹ̀ fún gíráàmù ẹran ọkàn kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó sinmi jẹ́ẹ́ máa ń wà nítòsí 1, tó bá gba oògùn tó ń la iṣan yẹn ó lè gun 2, 3, kó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ti ìsinmi pín ti oògùn, òun ni 2.4 àti 1.9 tí àǹtí ń pariwo lé lórí yẹn.

Ẹ wò ó bíi pé èèyàn méjì fẹ́ mọ bí èrò ṣe ń wọ Ọjà Ọba l'Ádó. Ọ̀kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń ka àwọn tó ń wọlé, èkejì wà nínú lọ́hùn-ún ó ń ka àwọn tó ti dúró nídìí ìsọ̀. Tí ẹni ẹnu ọ̀nà bá ṣẹ́jú nígbà tí èrò rọ́ wọlé, tó ka 60 dípò 100, tí ẹni inú sì ka tiẹ̀ pé, ẹ ó rò pé ìsọ̀ ń fa èrò mọ́ra ju bó ṣe rí lọ. Bó ṣe ń ṣe PET náà nìyẹn. Nígbà tí oògùn onítànṣán ṣẹ̀ṣẹ̀ ya wọnú ọkàn, ìtànṣán á pọ̀ débi pé ẹ̀rọ lè máà rí gbogbo ẹ̀ kà, tàbí kí wọ́n ti ya àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ pẹ́ jù kí ṣóńṣó ìlà náà sì tẹ́. Ìlà ẹ̀jẹ̀ á kéré, ìṣàn tí wọ́n ṣírò á wá tóbi ju òdodo lọ, ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti ń dí á kàn gba nọ́ńbà tó rẹwà lọ sílé. Èyí ń bà mí lẹ́rù ju kí nọ́ńbà kéré lọ.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n mú èyí tó ń dààmú àwòrán jù, mímí ni màá mú. Oògùn tó ń la iṣan yẹn máa ń jẹ́ kéèyàn mí kíkan kíkan, ọkàn á sún kúrò láyè ẹ̀, tí oògùn bá wá ń lọ kúrò lára á máa rọra gòkè padà. Mílímítà mélòó kan ni, ẹ lè ní kí ló dé, ṣùgbọ́n ògiri ọkàn fúnra ẹ̀ kò nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Tí sọ́fítíwià ò bá bá ọkàn sún láti àwòrán kan bọ́ sí èkejì, ibi tí wọ́n fàlà sí pé ẹran rèé á ti bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà á sì máa ṣe ségesège, pàápàá ní apá ìsàlẹ̀ ọkàn. Sọ́fítíwià kan máa ń tún un ṣe fúnra ẹ̀, òmíì á ní kí ẹni tó jókòó fọwọ́ sún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì mọ̀ pé ojú ẹni tó ti ń ṣe é látàárọ̀ kò lè mú bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀kọ tán.

CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi x-ray ya àwòrán inú ara, náà ń dá sí i. Ara máa ń gbé lára ìtànṣán mì kó tó jáde, CT ni wọ́n fi ń mọ iye tó sọnù kí wọ́n lè dá a padà sórí àwòrán. Tí CT àti PET ò bá wá jókòó déédéé lórí ara wọn, ẹran ọkàn lè bọ́ sí ibi tí CT rí bí ẹ̀dọ̀fóró, kọ̀ǹpútà á ní afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, kò ní dá nǹkan púpọ̀ padà, ni iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ ọkàn á bá dà bíi pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀. Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ ti wáyà bọ iṣan èèyàn lórí àìsàn tí kò sí.

Fíltà ń kọ́? Gbogbo wa fẹ́ràn àwòrán tó jọ̀lọ̀, ẹ sáà ń rí ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe sí fọ́tò lórí fóònù. Bí fíltà ṣe ń nu hóró hóró kúrò lójú àwòrán ló ṣe ń da ẹ̀jẹ̀ inú yàrá ọkàn pọ̀ mọ́ ẹran ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Rubidium tún ní ìwà tiẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń yára sí i ni ìpín tí ẹran ń rí fà mú nínú ẹ̀ ṣe ń dín kù, torí náà sọ́fítíwià gbọ́dọ̀ fi fọ́múlà sọ ọ́ di òótọ́, fọ́múlà tí wọ́n sì ń lò kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Àwòrán kan náà, fọ́múlà méjì, nọ́ńbà méjì. Nígbà míì tí wọ́n bá pín in, àṣìṣe tòkè á pa tìsàlẹ̀ rẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fọkàn tán ìlọ́po ju nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n fún un lóògùn tó ń la iṣan nìkan ló mì, kò sí ìparẹ́ kankan níbẹ̀ o.

Ẹ má sì rò pé tòkè òkun nìkan nìyí. Skáànù ọkàn tí wọ́n ń pè ní echo ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa l'Ékìtì mọ̀, èyí tí wọ́n ń fi jẹ́ẹ̀lì pa àyà ṣe, kò sì yàtọ̀. Wọ́n á wọn ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn, wọ́n á fi nọ́ńbà yẹn lọ́po ara ẹ̀, wọ́n á tún fi 0.785 lọ́po ìyẹn torí pé ó rí róbótó, kí wọ́n lè rí fífẹ̀ ẹ̀, wọ́n á wá fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ rìn dé lọ́po ìyẹn. Ká ní ẹ̀jẹ̀ rin sẹ̀ǹtímítà 20 nígbà tí ọkàn lù lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó wọn ẹnu ọ̀nà ní sẹ̀ǹtímítà 2.0 á rí mílílítà bíi 63, ẹni tó wọn ọkàn kan náà ní 1.8 torí pé àwòrán ṣú á rí bíi 51. Mílímítà 2 péré ló dá ìyẹn sílẹ̀. Tí wọ́n bá tún yí gain, ìyẹn ohun tó ń mú àwòrán tàn sí i, sókè jù, etí àwòrán Dópílà tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré á wú, ẹ̀jẹ̀ á dà bíi pé ó ń sáré ju bó ṣe ń sáré lọ. Tí ẹ bá ń lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ẹ mú èsì ti tẹ́lẹ̀ dání, ẹ ní kí wọ́n wo ohun tí wọ́n wọn nígbà yẹn, tó bá sì ṣeé ṣe ẹ padà síbi kan náà. Ti PET náà, ẹ ní kí wọ́n bá yín fi sọ́fítíwià kan náà ṣírò àwòrán méjèèjì, wọ́n lè ṣe é bí wọ́n bá tọ́jú àwòrán ti tẹ́lẹ̀, kò gba abẹ́rẹ́ tuntun.

Ohun kan ṣì wà tí kọ̀ǹpútà kankan ò lè tún ṣe. Kaféènì máa ń dènà oògùn tí wọ́n fi ń la iṣan yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kéèyàn má fẹnu kan kọfí, tíì àti ṣokoléètì fún wákàtí 12, ibòmíì 24. Wọn kì í rántí dárúkọ obì, níbo ni òyìnbó ti fẹ́ mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ kaféènì kún inú ẹ̀ bámúbámú. Bàbá tó bá jẹ gbànja kan láàárọ̀ kó tó lọ síbi skáànù, nọ́ńbà oògùn ẹ̀ lè má gòkè rárá, àwòrán á mọ́ kedere, CT á jókòó dáadáa, ó sì lè ṣòro kẹ́nikẹ́ni mọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í. Torí náà tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń lọ ṣe é, ẹ gba obì lọ́wọ́ wọn láti àná.