Tọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà kẹ́ ẹ tó ra sáìtì

Ọmọ bàbá mi kan tó wà ní Houston ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti ra ìbọn ìléwọ́, Glock 19, ó wá ń bi mí pé irú sáìtì wo, ìyẹn ohun téèyàn fi ń wo ọ̀ọ́kán lórí ìbọn, lòun máa fi sí i tóun á fi lè lò ó lálẹ́, torí ó mọ̀ pé mo gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó kó padà wá sílé l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìta ni mo jókòó sí, NẸ́PÀ ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù ná, torí ohun tó bi mí yẹn, ojú mi rí nǹkan kí n tó kọ́ ọ. Mo bá ní jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbí, ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ lẹ́gbọ̀n-ọ́n àti àbúrò lọ́hùn-ún, ẹ̀yin tá a sì jọ wà nílé, ẹ máa rí tiyín mú níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n yára sọ èyí o, ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ tí mò ń sọ, ti Texas ni. Ní Nàìjíríà níbí òfin ìbọn ti 1959 ti ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn èyí tí aráàlú ò gbọdọ̀ ní, àfi tí Ààrẹ fúnra ẹ̀ bá fọwọ́ sí i, ta ló sì fẹ́ fọwọ́ sí i fún èmi àti ẹ. Kẹ́nikẹ́ni má torí ọ̀rọ̀ mi lọ bá àwọn tó ń tà á ní kọ̀rọ̀. Mo ti ta tèmi lọ́hùn-ún kí n tó wọ pléènì.

Sáìtì ni nǹkan kékeré tó yọ sórí ìbọn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn tó ní àlàfo láàárín, téèyàn fi ń wo ọ̀ọ́kán. Lálẹ́ o ò lè rí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe èyí tó ń tàn. Wọ́n á rọ gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní tritium sínú ìgò tín-ín-rín, inú ìgò yẹn ti ní ọ̀dà tó máa ń tàn tí gáàsì yẹn bá ń ta sí i lára. Kò lo bátìrì, o ò ní cháàjì ẹ̀, tọ̀sán tòru ló ń tàn, bóo lò ó bóo ò lò ó. Ibi tó ti ń já èèyàn kulẹ̀ ni pé lẹ́yìn bí ọdún méjìlá, ìdajì ìmọ́lẹ̀ yẹn á ti lọ, kò sì sí àtúnṣe àfi kóo ra òmíì. Tèmi tí mo kọ́kọ́ rà, tòkúnbọ̀ ni, ọ̀gbẹ́ni tó tà á fún mi ní ó ti ní sáìtì alẹ́ lórí, kò parọ́, àmọ́ sáìtì yẹn ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá, ó ń ṣe bí ẹyin iná ìdáná tó ku díẹ̀ kó kú. Mo fi ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là pààrọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é.

Èyí tí mo wá rà, ojú iná aláwọ̀ ewé mẹ́ta ló ní, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn, torí àwọ̀ ewé lojú èèyàn máa ń tètè rí jù nínú òkùnkùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, wọ́n rí bákan náà, mo sì rò pé ìyẹn ló dáa. Kò dáa o. Tó o bá jí lójijì, tí ojú ẹ ò tíì là tán, o lè to mẹ́ta yẹn ní ìtòkutò, kí èyí tó yẹ kó wà láàárín bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá sì máa rò pé o ti mú ọ̀ọ́kán. Tí mo bá tún máa rà á lónìí, ti iwájú nìkan ni màá jẹ́ kó mọ́lẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú òrùka aláwọ̀ ọsàn lára ẹ̀, ti ẹ̀yìn kó dúdú jẹ́ẹ́ẹ́.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ gan-an. Ohun tó mú mi kọ gbogbo eléyìí ni oṣù kejì ọdún 2021.

Yìnyín bọ́ ní Texas, iná sì lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé Nàìjíríà nìkan ni NẸ́PÀ wà, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí kò níná lọ́sẹ̀ yẹn, omi dì nínú páìpù, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wá ká jọ sínú yàrá kan pẹ̀lú gbogbo aṣọ ìbora tó wà nílé. Houston ṣú bí abúlé. Ó tó bí aago méjì òru, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ró kẹ̀rẹ̀, ó ṣí. Mo ṣí àpótí ìbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo mú un, mo dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ kọ́rídọ̀, mo nà án. Àwọn aláwọ̀ ewé mẹ́ta yẹn tàn, wọ́n tò, ẹ ò lè rí ohun tó tò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo tiẹ̀ rántí pé inú mi dùn díẹ̀ pé owó mi ò ṣòfò. Iwájú wọn, nǹkan dúdú kan ń rìn bọ̀ láti kíṣìnì. Mi ò rí ojú, mi ò rí ọwọ́, mi ò mọ̀ bóyá ó mú nǹkan dání tàbí kò mú nǹkan dání. Òkùnkùn tó ga bí èèyàn ṣáà ni. Ìka mi sì ti wà níbi tí kò yẹ kó wà.

Ó fi ẹsẹ̀ gbá àpótí ìjókòó ọmọ mi. Ó ní, “Yéè! Ẹsẹ̀ mi o!”

Olè Houston wo ló ń ké yéè? Ara mi gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní ta nìyẹn, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, èmi ni o, èmi ni!” Àbúrò ìyàwó mi ni. Ilé tiẹ̀ ti tutù kọjá ohun tó lè mú mọ́ra, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ látọjọ́ tó ti pẹ́, obìnrin yẹn sì ti sọ fún mi nírọ̀lẹ́ yẹn pé ó ṣeé ṣe kó wá, èmi ní “hẹ̀n-ẹ́n” bí ọkùnrin ṣe máa ń ní “hẹ̀n-ẹ́n”, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òtútù yẹn, mi ò lè dìde. Títí dòní ìyàwó mi ò mọ ibi tí ìka mi wà.

Bàbá mi ni mo wá ń rántí lóru yẹn. Ọdẹ ni wọ́n, ọ̀nà Ìkòyí-Ilé ni oko wa wà, nígbà tí mo wà ní kékeré mo máa ń bá wọn tọ́jú àtùpà kábáídì tí wọ́n ń so mọ́ orí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ lẹ máa kó kábáídì sí, irú èyí táwọn wẹ́dà ń lò náà, òkè ẹ̀ lomi wà, omi á máa kán sí i tó, tó, tó, gáàsì á jáde lẹ́nu ẹ̀ pẹ̀lú ariwo ṣììì, á máa rùn bí áyù, ẹ ṣáná sí i, ó gbà. Tí wọ́n bá ta iná yẹn sígbó, ojú ẹran á máa dán padà sí wọn, pupa, àwọ̀ ewé, olómi ọsàn. Ọdẹ míì, bó bá ti rí ojú yẹn, ó ti yìn ín. Bàbá mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ojú kọ́ ni ẹran, ara ni ẹran, ojú ewúrẹ́ Ìyá Àdùkẹ́ náà ń dán, ojú ajá ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ náà ń dán, ojú èèyàn gan-an ni kì í dán, ìyẹn ló sì burú jù níbẹ̀. Wọ́n á dúró, wọ́n á yí orí díẹ̀ kí iná lè kan ẹ̀gbẹ́ ẹran, kí wọ́n rí ìwo tàbí ìrù. Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹran á ti sá lọ. A á wálé lọ́wọ́ òfo, màmá mi á máa kùn, bàbá mi á fọ àtùpà, wọ́n á sùn. Èmi ọmọ wọn, mo wá gbé dọ́là kalẹ̀ ra ohun tó ń fi ìbọn tèmi hàn mí, mi ò ra ohun tó máa fi ẹni tó wà níwájú hàn mí.

Ìyẹn ni mo sọ fọ́mọ bàbá mi. Sáìtì ń sọ ibi tí ìbọn ẹ dojú kọ. Iná ló ń sọ ẹni tó wà níbẹ̀. Tí iná bá sì ti tàn, sáìtì yẹn á kàn dúdú lójú ìmọ́lẹ̀ ni, wàá rí i kedere bí tọ̀sán, tritium ò ní nǹkan ṣe mọ́.

Lẹ́yìn yìnyín yẹn mo ra iná tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ ìbọn, Streamlight TLR-1 HL, ó ní lúménì 1000 (lúménì ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó), bátìrì CR123A méjì ló ń lò. Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò (mo yọ ilé ọta kúrò, mo wo inú ìbọn lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí nǹkan kan, ẹ má fojú kéré ìyẹn), mo tàn án sójú dígí bálùwẹ̀. Èmi ni mo fọ́ lójú! Ògiri funfun náà máa ń dá a padà. Nínú yàrá kékeré, lúménì 500 ti tó, èyí tó ju ìyẹn lọ ẹ lọ máa fi wo ọgbà. Àpò tí mo ń fi ìbọn sí ò gbà á mọ́, mo tún ra òmíì. Owó lórí owó.

Ìjàǹbá tó wà nínú iná abẹ́ ìbọn rèé, ọmọ ìyá mi: ibi tóo bá tan iná sí, ibẹ̀ lẹnu ìbọn náà wà. Tóo bá fi wo yàrá ọmọ, o ti na ìbọn sọ́mọ nìyẹn. Torí náà mo ra tọ́ọ̀ṣì kékeré sọ́wọ́ òsì, òun ni mo fi ń wo ilé, ti abẹ́ ìbọn di èyí tí mi ò fẹ́ lò láé. O ò tiẹ̀ nílò kóo tan án sójú èèyàn, tan án sí àjà, gbogbo yàrá á mọ́lẹ̀. Bọ́tìnnì ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tóo bá tẹ̀ ẹ́, á tàn, tóo bá fi sílẹ̀, á kú. Èyí tóo máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó mọ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì kó ṣú, lẹ́ẹ̀kẹta kó máa ṣẹ́jú wìrì wìrì bíi ilé ijó, gbé e fọ́mọdé kó fi ṣeré.

Nígbà tí mo dé sílé, mo rò pé gbogbo ẹ̀ ti parí. Bàbá mi ti kú, dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì wọn wà lókè àjà, orúkọ wọn ló wà lórí láísẹ́ńsì, kì í ṣe tèmi, a kó o lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, a gbàwé. Ó ku tọ́ọ̀ṣì. Mo ra ọ̀kan lọ́jà, ẹni tó tà á ní ó lè tàn dé Ìlọrin, wọ́n kọ 9900mAh sára bátìrì ẹ̀, ìyẹn bí iná tó lè gbà pamọ́ ṣe pọ̀ tó. Mo cháàjì ẹ̀ mọ́jú. Kò pé wákàtí kan tó fi di pupa. Bátìrì gbọ̀ǹgbọ̀ tí wọ́n ń pè ní 18650 yẹn, èyí tó dáa gan-an kì í sábà ju bíi 3500 lọ, ẹni tó kọ 9900 ń purọ́ fún yín ni. Mo gbé tèmi lọ sórí ìwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà kan, gíráàmù 28, ó sì yẹ kó wọn bíi 45. Alágbẹ̀dẹ yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní bátìrì mi ò ní ẹran lára. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò Under G níbí ló gbà mí, ó tú bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́, ó yọ méjì tó ṣì dáa nínú ẹ̀ fún mi, ó fi mítà wọ̀n ọ́n lójú mi. Òun ni mò ń lò dòní.

Níta, iná sólà tó máa ń tàn tí nǹkan bá rìn ni mo fi síbi géètì, kó kọjú síta, kì í ṣe sí fèrèsé mi. Ẹni tó bá wá á wà nínú ìmọ́lẹ̀, èmi á wà nínú òkùnkùn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ nǹkan lóru, ẹ má sáré tan gílóòbù yàrá, ojú máa ń gba bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mọ́ òkùnkùn lára, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Èmi máa ń tilẹ̀kùn, màá pe ọlọ́dẹ àdúgbò, màá tún pe àwọn làǹdílọ́ọ̀dù lórí WhatsApp, àwọn tó bá jí á fọn fèrè. Nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ bàbá mi ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n sáìtì yẹn ń wu òun. Mo ní rà á, rà á lẹ́yìn tọ́ọ̀ṣì.

Àbúrò ìyàwó mi ti wà ní Dallas báyìí, ó ti níyàwó. Tó bá pè mí, kì í sọ pé hẹlóò. “Bọ̀ọ̀dá, èmi ni o,” ló máa ń ní, á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò tíì lè bá a rẹ́rìn-ín yẹn.