Wọ́n rí HPV lára mi, mo ní kí wọ́n gé e kíá

Ọmọ ọdún 34 ni mí lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì pè mí pé èsì àyẹ̀wò mi ti dé, pé wọ́n rí HPV, kòkòrò tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀ tó sì lè fa jẹjẹrẹ, lẹ́nu ilé-ọmọ mi. Ó ṣàlàyé títí, jẹjẹrẹ nìkan ni etí mi ń gbọ́. Kí n tó dé iwájú dókítà, mo ti pinnu: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gé ibi tó wà kúrò." Ọmọ kan péré ni mo bí nígbà náà o, mo sì ṣì fẹ́ bí òmíràn!

Dókítà yí ìwé èsì náà dojú dé, ó fi bírò ya òbìrìkìtì méjì sẹ́yìn rẹ̀. "Kòkòrò nìyí, sẹ́ẹ̀lì, hóró tín-ín-tín tí ara fi dá, nìyí. Èyí àkọ́kọ́ la rí. A ò tíì sọ̀rọ̀ kan ìkejì."

Ó ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ti ní ìbálòpọ̀ rí ni HPV máa ń kàn nígbà kan, tí ara wọn á sì lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì láìmọ̀. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ ló ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oríṣi rẹ̀ náà ṣe kókó: 16 àti 18 ló wà nídìí nǹkan bíi 7 nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ 10. Tèmi kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Wọ́n yẹ sẹ́ẹ̀lì wò, kò tíì yí padà. Ó bá ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún kan.

Ọdún kan! Láìfún mi ní hóró oògùn kan! Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò yẹn ni, abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í sì í lé èyí tó ti wọlé. Inú bí mi. Àṣé àánú mi ló ṣe: bí wọ́n bá gé ẹnu ilé-ọmọ, ó lè má lágbára mọ́, kí obìnrin sì bímọ kí oṣù tó pé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ọkọ mi jà kí n tó gbọ́ pé kòkòrò yìí lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfọhùn. Èsì àyẹ̀wò kì í sọ ẹni tó kó o ranni. Ojú ṣì ń tì mí.

Ọdún yípo, ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ibẹ̀, wọ́n fi òwú tí wọ́n rì sínú ọtí kíkan nù ún. Òórùn rẹ̀ gba yàrá. Ibì kan funfun lójú ẹ̀rọ, bí ibi tí ọṣẹ gbẹ sí. Wọ́n gé bíńtín, èsì ní CIN 3, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì ti yí padà gan-an: kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ló dorí kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà fúnra rẹ̀ ló ní ká gé e. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, wáyà kékeré tí iná mú gbóná, mo sì lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n tún wá kòkòrò náà, wọn ò rí i. Mo ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò.

Tí wọ́n bá rí i lára rẹ, béèrè pé: oríṣi wo ni? Ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tó kọjá? Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe rí? Ìdáhùn wọ̀nyí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kí wọ́n dúró tàbí kí wọ́n gé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró pátápátá, má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò, ì báà jẹ́ pé wọn ò rí kòkòrò kankan lọ́dún tó kọjá. Lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.