Ogún Èèyàn Nínú Yàrá Kan, Kò Sẹ́ni Tó Kí Ẹnìkejì

Ìjẹ̀bú-Òde, alẹ́ ọjọ́ Sátidé

Àríyànjiyàn lórí The Sims, géèmù kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti ń darí ilé àti ìgbésí ayé àwọn èèyàn inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sim, ló gba gbogbo ọ̀sán òní ní ṣọ́ọ̀bù géèmù. Ṣé kí èèyàn máa dá a ta lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ ló dára, àbí kí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ máa ta á nínú ìlú kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹnu ò kò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo ni kò mọ̀ pé wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò rí, pé ó sì ní bó ṣe parí. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó di ohun tí kálukú ń fi ẹnu lásán sọ.

Oṣù Kejì ọdún 2000 ni The Sims tí Will Wright àti àwọn ará Maxis, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, ṣe jáde. Nígbà tó fi máa di 2002, ó ti tà ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Ẹni tó bá rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ yóò rò pé bí wọ́n bá kó díẹ̀ lára àwọn tó rà á sínú ìlú kan, ibẹ̀ á kún bí ọjà Òkè-Àjẹ. The Sims Online jáde ní Oṣù Kejìlá 2002. O máa ra páálí rẹ̀, o tún máa san dọ́là 9.99 lóṣooṣù. Nígbà tó gbayì jù, àwọn tó ń san owó náà kò kọjá nǹkan bí 100,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008 wọ́n pa àwọn ìlú inú rẹ̀ pọ̀, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí EA-Land, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ 1 Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n tì í pa. Nílẹ̀ wa níbí, GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́dún kan ni nígbà tó jáde, íntánẹ́ẹ̀tì oníwákàtí la mọ̀ ní káfẹ́, káàdì tó lè san dọ́là kò sì wọ́pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ fi jẹ́ pé FreeSO ni wọ́n gbà dé ibẹ̀, ìyẹn èyí tí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà fúnra wọn tún kọ, tí wọ́n ṣí fún aráyé ní 2017.

Àwọn tó ń dá a ta ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú The Sims àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú kan ti Sim jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan tiwa, nítorí náà ọjọ́ kan tán láàárín ìṣẹ́jú 24. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, o tẹ P, ayé dúró, o tún ilé ṣe, o ra bẹ́ẹ̀dì, o sì ní kí ayé máa lọ. Bí Sim bá sùn, o tẹ 3, ilẹ̀ mọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí ẹni tó lè dá àkókò dúró, torí gbogbo ìlú ló ni ín. Wákàtí kan ti Sim ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún gidi, ọjọ́ kan sì ń gba wákàtí méjì. Bí Sim bá sùn, ìwọ náà á jókòó máa wò ó. Sim orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í darúgbó, kì í sì í bímọ. Ẹ̀gbọ́n kan ló bi wọ́n lónìí pé: "Ilé tí kò lè sí ọmọ nínú rẹ̀, ta ni wọ́n ń kọ́ ọ fún?" Ọ̀dọ́mọdé kan dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́ pé: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, fún àlejò ni." Nínú gbogbo ohun tí a gbọ́ lónìí, ìdáhùn yẹn ló sún mọ́ òótọ́ jù. Àlejò ni gbogbo ìdí tí èèyàn fi lè gbé géèmù yìí lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n sì ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ àlejò náà ló bà á jẹ́.

Ìmọ̀ mẹ́fà ni Sim lè kọ́ níbẹ̀: oúnjẹ sísè, àtúnṣe ẹ̀rọ, ọ̀yàyà, agbára ara, ìrònú àti iṣẹ́ ọnà. Bí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nínú ilé kan bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ̀ náà ṣe ń yára wọlé tó. Èyí tó o bá kọ́ tí o kò bá tì í mọ́lẹ̀ á máa yọ́ padà, iye tí o sì lè tì mọ́lẹ̀ kò tó nǹkan, àyàfi bí Sim rẹ bá ti pẹ́ nílùú. Onílé náà ń gba owó lórí àlejò: bí àlejò bá ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n sì pẹ́ tó, ni owó ń wọlé tó, tí orúkọ ilé sì ń gòkè nínú àkójọ ọgọ́rùn-ún ilé tó gbajúmọ̀ jù. Ẹ wo bó ṣe so kọ́ra. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá èrò, onílé ń wá èrò, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó nílò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu èrò ọ̀hún.

Ẹ wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò. Pẹpẹ ìwé tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àga kún iwájú wọn. Ogún Sim ló wà níbẹ̀, ọ̀kan wọ kóòtù, òmíràn wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, gbogbo wọn tẹjú mọ́ ìwé. Ìwé ń ṣí, ìlà ìmọ̀ ń gùn díẹ̀díẹ̀ lórí wọn. Ẹnìkan wọlé, ó kọ "hello". Ọ̀rọ̀ náà yọ lókè orí rẹ̀, ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì pòórá. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn, nítorí àwọn tó ni Sim wọ̀nyẹn kò sí nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀kan ń jẹun, ọ̀kan ń wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á padà wá nígbà tí ìlà ebi tàbí ti ìtọ̀ bá pọ́n. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá bá èèyàn méjì péré lórí bẹ́ǹṣì, "Ẹ kú ìjókòó" ló kọ́kọ́ máa jáde lẹ́nu rẹ. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, "Ẹ kú iṣẹ́" ni. Ogún èèyàn nínú yàrá kan tí kò sẹ́ni tó jẹ́ ìkíni, ilé tí nǹkan ń ṣe ni à ń pe irú ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ owó ibẹ̀ ṣe pín sí méjì. Èyí tí èèyàn ń dá ṣe wà: jáàmù, ère inú ọgbà tí wọ́n ń pè ní gnome, pátákó ìṣirò, àwòrán yíyà. O tẹ̀ ẹ́, o jókòó, owó jáde, o tún tẹ̀ ẹ́. Nítorí pé iṣẹ́ yìí kò béèrè ọ̀rọ̀, kò pẹ́ tí àwọn kan fi kọ ètò kékeré tó ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n ti sùn. Èyí tí èèyàn kò lè dá ṣe náà wà, òun ló sì dùn. Nídìí ẹ̀rọ písà, èèyàn mẹ́rin ló ń dúró tì í, èròjà tó bọ́ sí kálukú lọ́wọ́ kì í sì ṣe ọ̀kan náà: ìyẹ̀fun, ọbẹ̀, wàràkàṣì, ohun tí wọ́n ń tò sórí rẹ̀. Bí wọn ò bá sọ fún ara wọn ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, tí èròjà kò bára mu, owó táṣẹ́rẹ́ ló máa jáde. Ti ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ náà wà, èèyàn méjì: ọ̀kan wà nínú rẹ̀, ó ń rìn, ògiri nìkan ló ń rí, ẹnìkejì wà níta, òun ló ń sọ ibi tó máa yà sí. Bí ẹni tó wà níta bá gbàgbé pé ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó kọjú sí gúúsù kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó kọjú sí àríwá, wọ́n á máa yí po síbẹ̀ títí. Àáró ni písà. Jáàmù ni kí kálukú máa ro oko tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kí owó àáró ju ti oko àdáro lọ fíìfíì, àwọn èèyàn ìbá máa wá ara wọn kiri.

Ẹni tó bá ti wà ní Òjúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá mọ ohun tí a ń sọ. Ijó rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, níwájú Awùjalẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé ti wà, àríyànjiyàn lórí àwọ̀ aṣọ ti wà, ẹni tí owó tirẹ̀ kò pé ti bẹ̀bẹ̀, wọ́n ti bá a dí i. Gbogbo wàhálà yẹn ló sọ wọ́n di ẹgbẹ́ kí wọ́n tó tẹsẹ̀ mọ́ ijó. Nínú The Sims Online, wọ́n mú wàhálà ọ̀hún kúrò, wọ́n wá ń retí ẹgbẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì, àwọn tó ń dá a ta tún jàre níbì kan. Géèmù yìí kì í jẹ dátà púpọ̀, kò sì nílò ìyára bíi ti bọ́ọ̀lù, torí o kàn ń to iṣẹ́ sílẹ̀ fún Sim ni, òun á sì máa ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gígé ni ìṣòro rẹ̀. Bí iná bá lọ tí ráútà sì kú fún ìṣẹ́jú kan kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, Sim rẹ ti kúrò nílé, iṣẹ́ àwọn mẹ́ta yòókù nídìí písà ti dúró. Bátìrì kékeré tó ń gbé ráútà nìkan ṣe pàtàkì ju láptọ́ọ̀pù tó lágbára lọ. Maxis kan náà ló ṣe SimCity, géèmù ìlú kíkọ́, ti Oṣù Kẹta 2013 ní ọ̀ranyàn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí server, ìyẹn ẹ̀rọ tó gbé géèmù náà fún gbogbo èèyàn, kò gba èrò tí àwọn tó ti sanwó kò sì rí ìlú tiwọn wọ̀. Ó tó ọdún kan kí wọ́n tó fún wọn ní èyí tí wọ́n lè ta láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń retí Project Rene, géèmù Sims tuntun tí èèyàn lè jọ ta, tí EA, ilé iṣẹ́ tó ni Maxis, kéde ní 2022 kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí lónìí nìyí: kí ìlú kékeré kan wà lórí ráútà ṣọ́ọ̀bù, láìná dátà rárá. Kóòdù FreeSO wà ní gbangba, ti server náà wà pẹ̀lú rẹ̀. Fáìlì The Sims Online àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni àwòrán àti ohùn ti ń wá. Ó ju gígábáìtì kan lọ, nítorí náà kí ẹnìkan gbà á lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn yòókù fi fláàṣì gbé e. Lórí ẹ̀rọ tó máa jẹ́ server, ẹ kọ́kọ́ gbé MariaDB, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, sí i, ẹ ṣẹ̀dá database (àkójọ àkọsílẹ̀) tó ṣófo, ẹ kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sínú config.json, fáìlì tó ń gba ìtọ́ni fún server, ẹ jẹ́ kí àṣẹ db-init to àwọn tábìlì rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan server.

Ibi mẹ́ta ló sábà máa ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé ojú ọ̀nà fáìlì géèmù tí wọ́n kọ sínú config kò bá ibi tó wà mu, server á kú kó tó jí tán. Èkejì ló ń tan èèyàn jù: wọ́n á fi àdírẹ́sì sílẹ̀ ní 127.0.0.1, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ fi ń pe ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tó jókòó nídìí server á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, á sì máa sọ pé ó ń ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á sì máa wo ojú ìwé ìwọlé. Àdírẹ́sì tí ráútà fún ẹ̀rọ náà ni kí ẹ kọ síbẹ̀, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, kí ẹ sì ti ráútà náà kó má yí i padà lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ̀dà géèmù ẹnìkan ti gbó ju ti server lọ. Ẹni tó gbé fláàṣì kí ó gbé ti gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan náà.

Ilé àkọ́kọ́ kì í ṣe ilé ìwé kíkà. Ẹ̀rọ písà méjì, ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ kan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún Sim mẹ́rin, ó kéré tán, torí bí èèyàn méjọ bá ń tò sẹ́nu ilẹ̀kùn kan, ẹnìkan á tọ̀ sílẹ̀, ìlà ìmọ́tótó rẹ̀ á já, omi tó wà nílẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà àyíká àwọn tó kù wálẹ̀. Ẹ má ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ ní táìlì kan péré: bí Sim méjì bá pàdé níbẹ̀, wọ́n á dúró wo ara wọn títí iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ ṣe á fi kúrò lára ohun tí wọ́n tò. Táìlì méjì ni kó fẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé lè kàwé, ṣùgbọ́n kí àga wà nítòsí, torí Sim tí kò bá rí ìjókòó á dúró kà á, ìtura rẹ̀ á sì tán kí ìmọ̀ rẹ̀ tó gòkè.

Ìmọ̀ tó ń yọ́ ni a kò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde tó lè wọlé lójoojúmọ́ ní kó máa yọ́, pé òun ló ń jẹ́ kí èèyàn padà wá. Àwọn méjì tó ń ti Ṣàgámù wá ní ọjọ́ Àìkú nìkan ní ìyẹn kò dára, pé ohun tí wọ́n bá fi wákàtí mẹ́ta kọ́, ọ̀sẹ̀ á ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó dé. Tiwọn la fara mọ́. Ẹ̀gbọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ ní òun ò tíì sọ tòun, pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ písà han òun ná.