Ọjọ́ Tí Mo Mú Bàámi àti Màámi Lọ Tẹ̀ka Nítorí Físà Kánádà

Ọmọ mi ti pé ọdún méjì ní Winnipeg ní Kánádà níbi tí a ń gbé, orí fóònù nìkan ni àwọn òbí mi ti ń rí i. Mo ní kí wọ́n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Mo fi ọmọ ti bàbá rẹ̀, mo wá sílé n'Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a jọ kọ fọ́ọ̀mù náà. Mi ò mọ̀ pé Bàámi ti lọ bá ajẹ́ńtì kan ní Mókọ́lá kí n tó dé.

₦850,000 ló bù fún wọn, Bàámi sì ti san ₦300,000 níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Owó físà àlejò Kánádà jẹ́ 100 dọ́là Kánádà fún ẹnì kan. Ìtẹ̀ka, ìyẹn yíya àmì ìka ọwọ́ sílẹ̀, jẹ́ 85, ṣùgbọ́n bí ẹbí bá jọ kọ̀wé pọ̀, 170 ni gbogbo wọn máa san. Àwọn méjèèjì, 370 dọ́là. Kí ni ìyókù wà fún? Mo lọ bá ajẹ́ńtì náà, ó ní "ètò ìwé" ni.

Mo ní kó jẹ́ n rí ètò ọ̀hún. Bàámi tó fi ọdún 35 ṣe tíṣà ni ajẹ́ńtì náà kọ pé wọ́n jẹ́ olùdarí ilé-iṣẹ́. Ó tún ní òun máa yá wọn ní mílíọ̀nù 15 náírà kó sùn sínú àkáǹtì fún ọjọ́ díẹ̀, wọn á san owó èlé lórí ẹ̀. Ara mi gbọ̀n. Bí Kánádà bá ká irọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, kì í ṣe pé wọ́n kàn máa kọ̀ ọ́, ọdún 5 gbáko ni kò fi ní lè wọlé. Ímeèlì ajẹ́ńtì yìí fúnra rẹ̀ ló sì fi ṣe gbogbo ẹ̀, kódà bí èsì bá dé, òun ló máa kọ́kọ́ kà á.

Ó ní, "Àǹtí, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn kì í fún tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì."

Bàámi kàn wolẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju owó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi kò ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní Gbági. Wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ajẹ́ńtì láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Oníbàárà tó bá ti wọlé, wọ́n á kí i dáadáa: "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Owó wa ni mo wá gbà." Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, ajẹ́ńtì náà ka ₦180,000 lé wọn lọ́wọ́. Ìyókù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

A fọwọ́ ara wa kọ fọ́ọ̀mù tuntun. Mo kọ lẹ́tà ìkésíni: ẹni tí mo jẹ́ sí wọn, iṣẹ́ mi, ibi tí wọ́n máa sùn, ẹni tó máa sanwó bàálù, ìgbà tí wọ́n máa padà. A fi ìwé pẹ́ńṣàn Bàámi sí i, ìwé ilé wọn ní Mọ̀lété, rìsíìtì ọjà Màámi, àti ìwé ìbí mi tí orúkọ wọn wà nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ímeèlì lórúkọ àwọn òbí yín, kí ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin nìkan.

Èkó ni wọ́n ti ní ká wá tẹ̀ka. A gba Mọníyà lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n: ọkọ̀ mọ́ tónítóní, afẹ́fẹ́ tutù, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì. Ojú fèrèsé ni Màámi wà títí a fi kọjá Abẹ́òkúta. A sọ̀ ní Agége, a wọ takisí dé Ìkẹjà.

Ìka Bàámi ò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ti Màámi kò hàn rárá. Ọmọbìnrin tó ń ya ìka ní kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n nù ún. Kò hàn. Ó ní kí wọ́n fi ìpara díẹ̀ ra á. Kò hàn. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń wọn aṣọ, tí wọ́n ń fi ìka náà fà á, tí wọ́n ń fi gé e. Màámi gbé ọwọ́ sókè wò, wọ́n ní, "Àbí ìka mi ti bá aṣọ lọ ni?" Ọmọ náà ò kánjú, kò jágbe. Ó di ọwọ́ wọn mú, ó ń tẹ ìka kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ jẹ́ kó rọ̀." Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó gbà. Màámi gbàdúrà fún un títí a fi jáde.

Nínú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́, Màámi ti sùn. Bàámi ní kí n fún àwọn ní fóònù, kí àwọn tún fọ́ọ̀mù yẹn wò. Wọ́n wá ibi iṣẹ́, wọ́n gbé e sún mọ́jú: Tíṣà, 1981 sí 2016. Wọ́n kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. A ti ń wọ Òmí-Àdìó kí wọ́n tó dá fóònù padà fún mi.